Fífi Ránṣẹ́ Kọ́ Ni Jíjíṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Tíìkì Inú Gúrúpù Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí fún ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀ kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọjà tó ń gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ tíìkì ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, àmì kékeré tó máa ń jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹni tó bá ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ọjà tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò lásìkò yìí á ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Akọ̀wé á ní, "A ti gbé e sí gúrúpù láti ọjọ́ Ajé." Ọmọ ẹgbẹ́ á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i." Ẹlòmíì á ti ẹ̀yìn dá sí i pé, "Irọ́ lò ń pa, ó ti di búlúù." Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti bu owó ìtanràn lé ẹnì kan lórí, inú ti bí ẹlòmíì, ẹnì kan sì ti búra pé òun ò ní wá sípàdé mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú kan ì bá yanjú ti di ìjà oṣù mẹ́ta.

Èrò tiwa nìyí, láìfepo bọyọ̀: ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìkéde inú gúrúpù, kò sì gbọdọ̀ pè é ní aláìbìkítà, àfi tí ẹni tó fi ìkéde náà ránṣẹ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó dé ọwọ́ onítọ̀hún. Ẹni tó gbé iṣẹ́ rán ló yẹ kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ dé. Ẹni tí iṣẹ́ sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kálukú ló ní ohun tó máa ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn baba wa kò ní fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ rán. Láyé àrokò, ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ẹlòmíì pé ọkàn òun fà sí i lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ kó fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, ó fà á mọ́ra. Tí ẹni náà bá gbà, á so owó ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ padà: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Títí owó ẹyọ mẹ́jọ yẹn á fi dé, ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ kò lè máa sọ kiri ìlú pé àwọn ti jọ fẹnu kò. Ìránṣẹ́ ọba náà kò ní dúró sẹ́nu odi ìlú kejì kó pariwo, kó sì yíjú padà sílé. Ó gbọ́dọ̀ fojú kan ẹni tí wọ́n rán an sí, kó gbọ́ èsì, kó sì mú èsì bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí, ẹ ó rántí bó ṣe rí kí GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001. Lẹ́tà la fi ń rán dírẹ́bà láti gáréèjì, ó di Ìbàdàn, ó di Òṣogbo, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Tí dírẹ́bà bá padà dé, á ní, "Ìyàwó wọn ni mo fún," tàbí, "Mi ò bá wọn nílé, lẹ́tà yín rèé." Kò sẹ́ni tó máa rí ẹ̀yìn mọ́tò bó ṣe ń jáde ní gáréèjì kó sọ pé lẹ́tà ti dé. A máa ń dúró de dírẹ́bà ni. Tíìkì àkọ́kọ́ lórí WhatsApp, mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní gáréèjì nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi tíìkì jà láìmọ ohun tó ń sọ. Tíìkì kan aláwọ̀ eérú: ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fóònù rẹ, ó ti dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ WhatsApp. Tíìkì méjì aláwọ̀ eérú: ó ti wọ inú fóònù ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí, bí kò tiẹ̀ tíì ṣí i. Tíìkì méjì aláwọ̀ búlúù: wọ́n ti ṣí i. Búlúù yìí kò sí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, oṣù November 2014 ni wọ́n fi kún un.

Ti ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ti gúrúpù yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú gúrúpù, tíìkì kejì kì í jáde àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí fóònù gbogbo ọmọ gúrúpù pátá. Kì í sì í di búlúù àfi ìgbà tí gbogbo wọn pátá bá ti ṣí i. Tí ẹ bá jẹ́ 150, tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn yòókù, tó ku ẹnì kan ṣoṣo tí fóònù rẹ̀ kú, tíìkì kan ṣoṣo lẹ ó máa rí. Nítorí náà, akọ̀wé tó wo tíìkì kan tó ní "kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni" ti ṣì í. Ó lè ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé, kó ku ìyá àgbà kan ṣoṣo ní Oyigbo. Ẹni tó sì ń tọ́ka sí ọmọ ẹgbẹ́ kan pé "tìẹ ti di búlúù", tí kì í ṣe òun ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, àròsọ ló ń sọ. Kò síbi tó ti lè rí i.

Ibi tí òótọ́ wà ni ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Message info. Tó bá jẹ́ Android, tẹ ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tẹ àwọn tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí o mú Info. Tó bá jẹ́ iPhone, fi ìka fa ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ òsì. Wàá rí orúkọ àwọn tó ti kà á lọ́tọ̀, àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ voice note, á tún fi àwọn tó ti gbọ́ ọ hàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìkankan, iṣẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ nìkan ló lè rí ojú ewé yìí. Alága ò lè rí i, akápò ò lè rí i, ẹni tí wọ́n fẹ́ bu owó ìtanràn lé pàápàá ò lè rí i. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rí wà. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí a fi sọ pé ẹni yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó?

Ẹlòmíì á ní kí ló lè fà á tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dé, nígbà tí gbogbo wa ní fóònù. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé nílùú yìí ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń tajà kì í tan dátà láti àárọ̀, torí owó dátà ti wọ́n. Ẹni tó lọ ná ọjà Oil Mill lọ́jọ́rú kò lè máa yọ fóònù nínú èrò. Iná ò sí fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, fóònù kú. Àwọn ìyá wa kan ń lo fóònù tọ́ṣì oníbọ́tìnnì, ọmọ wọn ló ń bá wọn wo gúrúpù, ọmọ náà sì ti lọ síléèwé ní Nsukka. Nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 4 oṣù October 2021, WhatsApp àti Facebook dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa sọ pé òun ti kéde?

Ohun méjì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹni gbà á, WhatsApp kì í tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ọjọ́ 30 ni wọ́n máa fi gbìyànjú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á pa á rẹ́. Èkejì, nọ́ńbà tí kò bá wọ WhatsApp fún ọjọ́ 120, wọ́n sábà máa ń pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́. Onítọ̀hún á ti kúrò nínú gúrúpù láìmọ̀, àwọn ará á sì máa sọ pé ó ti bínú jáde.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọjọ́ 30 yẹn ṣe fún ọkùnrin kan láàárín wa, oníṣòwò bíi tiwa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gba ilé lọ nítorí àìsàn ìyá rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó délé tí fóònù rẹ̀ fi já sómi. Kò rówó tún un ṣe, torí owó ilé ìwòsàn ló wà níwájú. Ọjọ́ 38 lẹ́yìn náà ló tó rí fóònù tàn. Láàárín àkókò yẹn, ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kú. Ọjọ́ kẹrin tí fóònù rẹ̀ bà jẹ́ ni wọ́n kéde rẹ̀ sí gúrúpù: ọjọ́ ìsìnkú, aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, iye tí kálukú máa dá. Nígbà tó tan fóònù, ọ̀rọ̀ tú wọlé bí òjò, ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kò sí níbẹ̀, ọjọ́ 30 ti kọjá lórí rẹ̀. Fọ́tò ibi ìsìnkú ló bá, ìsìnkú sì ti kọjá.

Ó pe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni náà kò gbé e. Ẹgbẹ́ ti bu owó ìtanràn lé e, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó "rí i, tó sì dákẹ́". Nígbà tí ìyá tirẹ̀ wá kú lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó bá a dé ilé kò pé márùn-ún. Ẹ̀yin ará, ìṣẹ́jú méjì péré ni akọ̀wé ì bá fi ṣí Info. Ì bá rí i pé orúkọ ọkùnrin náà kò sí lára àwọn tó kà á, kò sì sí lára àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ì bá béèrè pé, "Ta ló mọ ará ilé rẹ̀?" Ẹnì kan ì bá ní nọ́ńbà àbúrò rẹ̀. Ohun tó ya ọ̀rẹ́ ogún ọdún nípá kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe àjẹ́. Tíìkì tí ẹnikẹ́ni kò wò ni.

Ṣùgbọ́n a ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ jẹ́ ká kọjú sí àwa tí à ń gba ìkéde náà. Àwọn kan wà láàárín wa tí "mi ò rí i" ti di àṣọ àbọ̀bora fún. Wọ́n rí i, wọ́n kà á, wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí ìyàwó wọn. Tó bá di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní àwọn ti pa búlúù tiwọn. Láàárín ẹni méjì, ó ṣeé pa. Nínú gúrúpù, kò ṣeé pa. Ẹ má tan ara yín jẹ, Info ń kọ orúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú aago.

Síbẹ̀, búlúù náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ti yé onítọ̀hún. Ó kàn ń sọ pé wọ́n ṣí i lórí fóònù yẹn ni. Kò sọ ọwọ́ tó ṣí i. Ọmọ ọdún méje tó ń fi fóònù bàbá rẹ̀ ṣe géèmù lè ṣí i. Ẹni tí kò rí awò ojú rẹ̀ lè ṣí i kó ní òun á kà á tó bá dalẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ́nì kan lè ka ìkéde láti òkè fóònù níbi tó ti ń yọjú, láì wọ inú gúrúpù rárá. Ó ti kà á, àmọ́ kò ní di búlúù. Àti pé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: tí ìkéde òkú bá wà láàárín "Ẹ kú ọjọ́ tuntun" ogójì, àdúrà ọgbọ̀n, fídíò ẹ̀rín mẹ́wàá, àti ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ta ló máa rí i? A fi ọwọ́ ara wa sin ín ni.

Ọ̀rọ̀ tíìkì yìí ti kúrò ní eré o. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Bombay ní Íńdíà gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tó jẹ ilé-iṣẹ́ káàdì báńkì lówó, tó ń sá fún ìwé ìpẹ̀jọ́. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Adájọ́ ní àwọn àmì náà fi hàn pé kì í ṣe pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan, ó tún ṣí i. Nítorí náà, ìwé ti kàn án. Ní Kánádà, àgbẹ̀ kan fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn ìwé àdéhùn ọjà tí oníbàárà rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé "mo ti rí i". Ní 2023, ilé ẹjọ́ ní rárá, "mo gbà" lo sọ. Wọ́n ní kó san ju 82,000 dọ́là Kánádà lọ. Nílé wa níbí náà, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà wá, bí ohun tí òfin béèrè bá ti pé.

Àwa tí à ń ṣòwò, ẹ jẹ́ kí ti àgbẹ̀ Kánádà yẹn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nínú gúrúpù wa, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kálukú máa dá ₦20,000, ìwọ lẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. Kí lo sọ? O rí i ni, àbí o gbà? Akápò ti kà ọ́ mọ́ àwọn tó gbà. Ìwọ rò pé o kàn ń kí i kú iṣẹ́ ni. Ìjà ti dé nìyẹn. Ẹ sì tún wo ti Íńdíà: ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, adájọ́ sì yẹ àmì wò kó tó dájọ́. Tí adájọ́ tó kàwé tó báyẹn bá lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sọ̀rọ̀, kí ló dé tí àwa kò lè yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gba ₦5,000 lọ́wọ́ ọmọ ìyá wa?

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa ṣe rèé.

Èkíní, kí ìkéde ní ilé tirẹ̀. Láti 2018 ni WhatsApp ti fún ẹ̀dímìn láyè láti ṣètò rẹ̀ pé àwọn nìkan ló lè kọ ọ̀rọ̀. Ẹ dá gúrúpù ìkéde sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí àdúrà àti ẹ̀fẹ̀ wà ní gúrúpù kejì. Ẹni tó bá gbọ́ dídún gúrúpù ìkéde á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Èkejì, kí akọ̀wé ṣí Info kí wákàtí 24 tó pé lórí ìkéde kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀, kí ó pè wọ́n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, àìsàn tàbí ewu ìlú, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ẹ rántí October 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24 ní Oyigbo àti láwọn apá kan Diobu. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́la ti wọ wàhálà lónìí. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe tíìkì.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún akọ̀wé ní nọ́ńbà kejì, ti ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí aládùúgbò. Kí ẹni tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà sọ fún wọn lọ́sẹ̀ náà. Nọ́ńbà tó ti kú tó ṣì wà nínú gúrúpù ni kì í jẹ́ kí tíìkì pé méjì láéláé. Ẹ máa yẹ orúkọ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa fi ọ̀rọ̀ dáhùn. "Mo ti rí i" yàtọ̀ sí "mo gbà". Kí ẹgbẹ́ fẹnu kò pé àtàǹpàkò kò jù "mo ti rí i" lọ, àti pé ọ̀rọ̀ owó, àfi kí èèyàn kọ ọ́ tàbí kó fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ tún lè lo ìbò inú WhatsApp, èyí tí wọ́n ń pè ní poll, ó ti wà láti 2022. "Mo ń bọ̀", "Mi ò lè wá": kálukú á tẹ tirẹ̀, orúkọ á sì hàn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yìn gbogbo èyí ni owó ìtanràn tó lè wọlé. Ẹni tí Info fi hàn pé ó ti kà á láti ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n sì fún láyè láti ṣàlàyé tí kò rí àlàyé kan ṣe, kó san án. A ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé má ṣe ya àwòrán orúkọ àwọn èèyàn láti inú Info kó wá lẹ̀ ẹ́ sí gúrúpù láti fi dójú tì wọ́n. Irinṣẹ́ tí a fi ń wá ará wa ni, kì í ṣe pàṣán.

A mọ ohun tí àwọn akọ̀wé máa sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ náà pọ̀, àwọn kì í gba owó oṣù, èèyàn 150 kì í ṣe èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a sì ń kí wọn kú iṣẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn 150 la ní kí wọ́n pè. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí ní Info ni, wọ́n sì lè máà ju mẹ́jọ lọ. Kí wọ́n pín àwọn mẹ́jọ náà fún aṣojú àdúgbò: ẹni tó wà ní Rumuokoro kó wá ti Rumuokoro rí, ẹni tó wà ní Eleme kó wá ti Eleme. Kí ẹgbẹ́ sì máa ra káàdì ìpè fún akọ̀wé láti inú àpò ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó lè ra ìrẹsì àti malúù fún àríyá kò ní sọ pé òun ò ní owó káàdì.

Àwọn mìíràn á ní àgbàlagbà ni gbogbo wa, kí kálukú máa wo fóònù rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó wà nílé. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ńkọ́? Ẹni tó kú sí ìlú tirẹ̀, aládùúgbò á gbọ́ ẹkún, mọ̀lẹ́bí á pé jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nílùú àjò, ẹgbẹ́ ni mọ̀lẹ́bí. Àwọn ló máa gbé wa dé ilé ìwòsàn, àwọn ló máa dá owó mọ́tò tó máa gbé òkú délé, àwọn ló máa dúró ti opó. Gbogbo ìyẹn ń gba ojú fóònù kọjá báyìí. Tí ọ̀nà yẹn bá dí tí a ò mọ̀, ẹnì kan wà tó ń dá nìkan jìyà níbì kan nínú ìlú yìí, tí a sì rò pé a ti gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ tún kọ èrò tiyín sísàlẹ̀ níbí: ibi tí a ti sọ òótọ́, ẹ sọ, ibi tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ. Àmọ́ a bẹ̀ yín, ẹ má kàn lẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn kí ẹ máa lọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ rí i ni, àbí ẹ gbà.